Ọkọ mi kò lè rí ohun tó dì kó má tú u: ṣé àìsàn ni, àbí ìwà?

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ ìyàwó ilé kan ní Àgírììkì, Ìkòròdú

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọkọ mi kì í mutí, kì í tẹ̀lé obìnrin kiri, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó dì nínú ilé wa tí kò tíì tú. Fáànù onídùúró wà nínú àpò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, orí rẹ̀ lọ́tọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́tọ̀. Ó tú bùlẹ́ńdà nítorí pé ó ní ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù, láti ìgbà náà ni mo ti ń ru ata lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ ata. Bí ó bá tún nǹkan ṣe tán, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, yóò tún un tú pé ó kù díẹ̀ kí ó dára. Ní iléeṣẹ́ omi inú ọ̀rá tí ó ti ń darí ẹ̀rọ, wọ́n ti fún un ní kúẹ́rì pé ó yí ẹ̀rọ padà láì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá mi ní kí n gbàdúrà sí i. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n kó àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ dànù. Ṣé àìsàn ni, àbí ìwà? Kí ni kí n ṣe?

* * *

Èsì

Ìyàwó wa, kí ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń dá yín lóhùn. Ẹ̀rọ ìránṣọ ni mò ń tún ṣe, lẹ́bàá Ìta-Ẹlẹ́wà, obìnrin sì ni mí. Nínú ilé tiwa, èmi ni mo máa ń tú nǹkan, ọkọ mi ni ó máa ń wá ibi tí yóò jókòó sí láàárín bóòtù àti nọ́ọ̀tù. Nítorí náà, àwọn tí wọ́n ti sáré wá fèsì sábẹ́ ìbéèrè yín pé bí ọkùnrin ṣe máa ń ṣe nìyẹn, kí wọ́n fara balẹ̀ ná.

Bí irú ọ̀rọ̀ yìí bá délẹ̀, àwọn kan á ní kí ẹ kó irinṣẹ́ rẹ̀ dànù, àwọn kan á ní kí ẹ wá iṣẹ́ kún iṣẹ́ fún un kí ó lè máa sùn bí ó bá ti wọlé, àwọn ẹlẹ́sìn á sì ní àdúrà ni. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí àdúrà, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn méjì yòókù kì í ṣiṣẹ́. Ẹni tí ẹ bá gba tọ́nàfísì lọ́wọ́ rẹ̀ yóò fi ọ̀bẹ ìdáná yín ṣí ohun tí ó fẹ́ ṣí, ẹ ó sì pàdánù ọ̀bẹ mọ́ rédíò. Ẹni tí ẹ bá sì fi iṣẹ́ há mọ́ yóò jí ní òru láti tú nǹkan, nítorí pé ibi tí ó ti ń sinmi nìyẹn. Àwọn tí kò ní irú ọkàn yìí kì í tètè gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹlòmíràn ṣe ń lọ ta ayò lẹ́yìn iṣẹ́ ni ẹni yìí ṣe ń tú fáànù.

Ẹ tún ohun tí ẹ kọ kà. Ẹ kò sọ pé inú ń bí yín nítorí rédíò àtijọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́. Fáànù ni, ooru sì ń mú yín. Bùlẹ́ńdà ni, ẹ sì ń ru ata lọ síta. Ìjà yín dá lórí ohun tí ilé ń lò lónìí, tí ẹnì kan tú láì bi ẹnikẹ́ni, tí kò sì dá ọjọ́ tí yóò dé e padà. Orí ibẹ̀ ni kí ẹ dúró sí. Bí ẹ bá ń bá a jà lórí pé ó ń tú nǹkan rárá, ẹ ó jà títí àwọn ọmọ yín á fi kúrò nílé.

* * *

Ẹnì kan láti Ìgbógbò ti fèsì pé kí ìyàwó yìí máa dúpẹ́, pé ọkọ tó ń tún nǹkan ṣe fúnra rẹ̀ sàn ju ọkọ tó ń kó owó fún alátùn-únṣe lọ.

Òótọ́ wà nínú rẹ̀, ní Ìkòròdú pàápàá. Ibùdó amúnáwá Ẹ̀gbin wà létí ọ̀sà ní ìhà Ìjẹ̀dẹ́, nítòsí wa níbí. Láti àárín àwọn ọdún 1980 ni ó ti wà, ẹ̀rọ mẹ́fà ni wọ́n gbé kalẹ̀ síbẹ̀, agbára wọn lápapọ̀ sì jẹ́ megawatt 1,320 bí gbogbo wọn bá ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n orí wáyà ńláńlá tó so gbogbo orílẹ̀-èdè pọ̀ ni iná náà ń bọ́ sí kí wọ́n tó pín in, nítorí náà jíjẹ́ aládùúgbò rẹ̀ kò ṣe wá ní oore kankan. Iná tí ó ń dé ọ̀dọ̀ wa lè lọ sílẹ̀ débi pé fáànù kò ní lè yí, ó sì lè ga lójijì kí ó jó ohun tó wà lójú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ilé kan ṣoṣo fi ní jẹnẹrétọ̀, ínfátà, bátìrì àti stabilizer, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò sì bàjẹ́ lọ́jọ́ kan. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbélẹ̀ kò lè wá ohun tí yóò tú tì ní ìlú wa.

Ẹ mú fáànù òkè àjà wò. Bí ó bá ń yí jẹ́jẹ́, tí ẹ sì ní láti fi igi tì í kí ó tó gbéra, ẹlòmíràn á sọ fún yín pé wáyà inú rẹ̀ ti jóná, kí ẹ ra tuntun. Lọ́pọ̀ ìgbà, kapásítọ̀ rẹ̀ ni ó ti rẹ̀: àpótí kékeré kan tó ní wáyà méjì, tí wọ́n kọ 2.5 µF tàbí nọ́ńbà tó sún mọ́ ọn sí lára. Ẹ pa iná láti ibi tí iná ti ń wọlé, ẹ má ṣe fi mọ sí suwíìṣì ara ògiri, ẹ sọ ife tó bo ìdí ọ̀pá rẹ̀ kalẹ̀, ẹ yọ ti àtijọ́, kí ẹ sì so tuntun tí nọ́ńbà rẹ̀ bá a mu síbẹ̀. Fáànù náà á máa fẹ́ bí ó ti ń fẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ rà á, owó kapásítọ̀ sì kéré púpọ̀ sí owó fáànù.

Àmọ́ ará Ìgbógbò yìí kò ka ìbéèrè náà parí. Fáànù tó ti kú sínú àpò kò bá ilé fi owó kankan pamọ́, yóò mú kí wọ́n ra òmíràn ni.

* * *

Ohun kan wà nínú ìbéèrè náà tí gbogbo àwọn tó fèsì fò kọjá, bẹ́ẹ̀ òun ni ó le jù: bí ó bá tún nǹkan ṣe tán, tí ó ń ṣiṣẹ́, yóò tún un tú.

Àwọn àgbà ní alágbẹ̀dẹ tí ń lu irin lójú kan náà, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Àwọn tó ní irú ìwà tèmi yìí fẹ́ràn láti máa fi òwe náà gbèjà ara wọn, ṣùgbọ́n kò gbè wọ́n tó bí wọ́n ṣe rò, nítorí pé alágbẹ̀dẹ ti mọ ohun tí ó fẹ́ fà yọ kí ó tó gbé òòlù sókè. Ẹ bi ọkọ yín léèrè pé kí ni ó fẹ́ kí bùlẹ́ńdà ṣe tí kò ṣe. Bí ó bá ní ariwo náà ń ti ìdí ibi tí ọ̀bẹ rẹ̀ ti ń yí wá, pé bọ́ọ̀ṣì ibẹ̀ ti jẹ, òun sì fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé, ẹ fi í sílẹ̀, ó mọ ohun tí ó ń ṣe. Bí ó bá ní òun kàn fẹ́ wò ó ni, kí ó wá nǹkan mìíràn wò.

Nínú ilé tiwa, ọkọ mi ló dá òfin kan sílẹ̀, inú mi kò sì dùn sí i rárá nígbà tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó ní ohun tí mo bá ti dé, tí ó sì ń ṣiṣẹ́, ó ti kúrò lọ́wọ́ mi, ó ti di ti ilé, n kò sì ní ẹ̀tọ́ láti ṣí i mọ́ àfi bí ó bá tún bàjẹ́ tàbí bí gbogbo wa bá fẹnu kò. Mo bá a jiyàn. Mo ní bí mo bá rántí ní òru pé ìdè kan kò le tó ńkọ́? Ó ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé, pé lọ́jọ́ tí ó bá bàjẹ́, n ó bá a níbẹ̀. Ìwé yẹn ti gùn báyìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ohun tí mo kọ síbẹ̀ kò sì bàjẹ́ títí di òní. N kò tíì gbà fún un lójú ara rẹ̀ pé ọgbọ́n ni.

Ọ̀rọ̀ àyè tún wà níbẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ya yàrá kan sọ́tọ̀, bí ẹni pé gbogbo wa ló kọ́lé. Ẹni tó ń gbé yàrá kan àti pálọ̀ lè ra ọpọ́n oníke ńlá kan tó ní ìdérí. Ohun tí ó bá tú kò gbọdọ̀ ju èyí tí ọpọ́n náà gbà lọ. Bí ó bá fẹ́ tú òmíràn, kí ó kọ́kọ́ dé èyí tó wà níbẹ̀, tàbí kí ó tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù kiri àdúgbò. Bí ọpọ́n bá kún, ẹnikẹ́ni kò ní láti jà, ojú gbogbo yín ni ó ti kún.

* * *

Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Odógunyàn bínú sí iléeṣẹ́ omi náà. Ó ní ọ̀gá tó bá fún ẹni tó mú ẹ̀rọ sàn ní kúẹ́rì kò fẹ́ ìlọsíwájú.

Èmi náà ti ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán aṣọ kí n tó dá dúró, n kò sì fara mọ́ ohun tí ó sọ. Ẹ̀rọ tó ń di omi sínú ọ̀rá ní irin gbígbóná tó ń lẹ ẹnu ọ̀rá pọ̀. Bí ooru rẹ̀ bá kéré jù, ẹnu ọ̀rá kò ní lẹ̀ dáadáa, omi á máa jò. Bí ó bá pọ̀ jù, á jó ọ̀rá, omi á sì tún jò. Ìwọ̀n tó tọ́ sì máa ń yí padà bí ọ̀rá bá nípọn sí i tàbí bí wọ́n bá mú ẹ̀rọ yára. Ká ní ọkọ yìí gbé ooru sókè nítorí ọ̀rá tí wọ́n ń lò lọ́sàn-án, tí iṣẹ́ sì dára títí ó fi lọ sílé. Ẹni tó gbaṣẹ́ lálẹ́ kò mọ̀, wọ́n gbé ọ̀rá fẹ́lẹ́ wá fún un, ó fi sí i. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, àpò tó yẹ kí ọ̀rá omi 20 wà nínú rẹ̀ á dé ọ̀dọ̀ oníbàárà, èyí tó ti jò á sì ti rin àwọn yòókù. Ẹni alẹ́ ni wọn yóò bá wí, bẹ́ẹ̀ kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀.

Bákan náà ni iṣẹ́ tèmi rí. Nínú ẹ̀rọ ìránṣọ, abẹ́rẹ́ á lọ sísàlẹ̀ dé òpin, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà gòkè. Bí ó bá ti gòkè ní nǹkan bíi milimita 2, ìgbà yẹn gan-an ni ẹnu ìkọ́ tó ń yí nísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ẹ̀yìn abẹ́rẹ́ kọjá, lókè ojú rẹ̀ díẹ̀, kí ó lè gbé òwú. Ẹni tó bá tú ìdè ìkọ́ náà láì kọ́kọ́ sàmì sí ibi tí ó wà, yóò máa wá milimita yẹn kiri títí òru á fi jìn, ẹ̀rọ á sì máa fo ibi kan sílẹ̀ bí ó ti ń rán. Èyí ni mo máa ń kọ́ ọmọ-iṣẹ́ mi ṣáájú ohun gbogbo: kí ó sàmì, kí ó ya fọ́tò, kí ó tó fọwọ́ kan ìdè kankan.

Nítorí náà, kí ọkọ yín fèsì sí kúẹ́rì náà láì bínú. Kí ó kọ ohun tí ó bá nílẹ̀, ohun tí ó yí, ìdí tí ó fi yí i, àti ohun tí ó rí lẹ́yìn náà. Kí ó wá bẹ ọ̀gá pé kí wọ́n so ìwé kan mọ́ ara ẹ̀rọ, kí ẹnikẹ́ni tó bá yí nǹkan padà máa kọ ọ́ síbẹ̀, kí ó sì buwọ́ lù ú. Bí ohun tí ó ṣe bá dára lóòótọ́, ìwé náà ni yóò jẹ́rìí rẹ̀. Kí ó sì máa gbàṣẹ kí ó tó ṣe é. Mo mọ̀ pé ibi tí yóò dùn ún jù nìyẹn, nítorí pé ọ̀gá lè sọ pé rárá, ẹ̀rọ náà sì jẹ́ ti ọ̀gá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń dárúkọ Thomas Edison, ará Amẹ́ríkà tó ṣe ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tuntun jáde, pé irú ọkàn yìí ló sọ ọ́ di olókìkí, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun pàápàá nítorí irú èyí. Ní ọdún 1867, nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nídìí ẹ̀rọ tẹlígíráàfù ní Louisville, ní Amẹ́ríkà, ó ń fi bátìrì dánra wò ní àkókò iṣẹ́. Ásíìdì dà nílẹ̀, ó jò gba àárín pákó sórí tábìlì ọ̀gá tó wà nísàlẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ní kí ó máa lọ.

* * *

Wọ́n ti mú tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Wright náà wá, pé bí ẹnì kan bá ti dí wọn lọ́wọ́ ni, ọkọ̀ òfurufú kò ní sí. Ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ ni Wilbur àti Orville Wright ní ní Dayton, ní Amẹ́ríkà, owó kẹ̀kẹ́ ni wọ́n sì fi ń ṣe ìwádìí wọn. Ní ọdún 1901, wọ́n kan àpótí kan tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, wọ́n dán irú apá tó tó nǹkan bíi 200 wò nínú rẹ̀, wọ́n sì kọ èsì wọn sílẹ̀. Ní ọjọ́ 17 Oṣù Kejìlá ọdún 1903 ni wọ́n fò, ti àkọ́kọ́ kò sì ju ìṣẹ́jú àáyá 12 lọ. Àwọn méjèèjì kò gbéyàwó títí wọ́n fi kú, nítorí náà n kò mọ ohun tí a lè kọ́ lára wọn nípa bùlẹ́ńdà. Ti ìwé kíkọ ni kí ọkọ yín mú.

* * *

Ẹ béèrè bóyá àìsàn ni. Àwọn dókítà mọ ipò kan tí wọ́n ń pè ní ADHD, tí ó máa ń mú kí ó nira fún ènìyàn láti jókòó sójú kan, láti parí ohun tí ó bẹ̀rẹ̀, tàbí láti ní sùúrù kí ó tó ṣe nǹkan. Àgbàlagbà náà ń ní in, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú àmì rẹ̀ ní láti ti hàn kí onítọ̀hún tó pé ọmọ ọdún 12, kí ó sì máa dí i lọ́wọ́ ní ibi tó ju ẹyọ kan lọ. Títú fáànù nìkan kò sọ ẹnikẹ́ni di aláìsàn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń gbàgbé owó ilé ìwé ọmọ, tí kọ́kọ́rọ́ ń sọ nù lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, tí iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ léraléra, tí àwọn òbí rẹ̀ sì jẹ́rìí pé bí ó ti ṣe láti kékeré nìyẹn, kí ó lọ rí dókítà. Dókítà ilé ìwòsàn gbogboogbò lè kọ̀wé fún un láti lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó ń tọ́jú ọpọlọ ní Yábàá. Lílọ síbẹ̀ kò túmọ̀ sí pé ẹnì kan ya wèrè, kí àwọn tó ń fi í ṣẹ̀sín nísàlẹ̀ yìí sì dákẹ́.

* * *

Onílé kan ní Ìpakòdò kọ ọ́ pé ayálégbé òun kan ṣí mítà iná láti wo bí ó ṣe ń ka owó, ó sì bi mí bóyá ayálégbé náà ní irú ọkàn tí ọkọ yín ní.

Kò sí àríyànjiyàn nínú èyí. Mítà kì í ṣe ti ayálégbé, kì í sì í ṣe ti onílé, ẹ̀ṣẹ̀ sì ni lábẹ́ òfin láti fọwọ́ kan inú rẹ̀. Maikiroweefu náà, ẹ má ṣe ṣí i nílé: kapásítọ̀ inú rẹ̀ lè di iná tó lè pa ènìyàn mú lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ kúrò lára ògiri. Ní ti jẹnẹrétọ̀, ẹ lè fọ kabúrétọ̀ rẹ̀, ẹ lè pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì rẹ̀, ṣùgbọ́n ìta gbangba ni kí ẹ ti tàn án láti dán an wò. Èéfín rẹ̀ ní gáàsì kan nínú tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn, ó sì ti pa odindi ìdílé lójú oorun. Bí òjò bá ń rọ̀, kí àyẹ̀wò dúró di ọ̀la.

* * *

Ìyàwó ilé náà tún kọ̀wé

Mo ka gbogbo rẹ̀ sí i létí. Ó rẹ́rìn-ín sí ti Edison, ó sì gbà láti ra ọpọ́n. Ṣùgbọ́n ó ní owó òun ni òun fi ra fáànù, kò sí ẹni tó lè sọ fún òun pé kí òun má tú u. Ohun tó tún ń bà mí lẹ́rù ni pé ọmọ wa ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ti ń jókòó tì í báyìí, ó sì ti tú aago ìyá mi.

* * *

Èsì

Ẹ má ṣe bá a jiyàn lórí ẹni tó ra fáànù. Ẹ ní kí ó gba fáànù inú àpò yẹn pátápátá, kí ó di tirẹ̀, kí ó máa tú u títí yóò fi sú u, kí ó wá ra òmíràn fún ilé, èyí tí òfin ọkọ mi yẹn yóò dè, pé ohun tó ti dé, tó sì ń ṣiṣẹ́, kò gbọdọ̀ ṣí i mọ́. Bí kò bá fẹ́ ra òmíràn, kí ó dé èyí tó wà nílẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ẹ jẹ́ kí ó fẹnu ara rẹ̀ mú ọ̀kan, nítorí pé ẹni tó ní irú ọkàn yìí kì í pa òfin tí kò bá wọn dá mọ́.

Ní ti ọmọ, ẹ jẹ́ kí ó máa tú, ṣùgbọ́n kí bàbá rẹ̀ ra aago ìyá yín padà, kí ọmọ náà sì bá a lọ sí ọjà láti rà á. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ó máa fi ohun tó ti kú ṣeré: rédíò, rìmóòtù, fáànù kékeré tó ti dẹnu kọlẹ̀. Kí ó kó gbogbo ìdè sínú agolo mílíìkì, kí ó sì ya àwòrán ibi tí ó ti yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó tó yọ òmíràn. Tẹlifíṣọ̀n, bátìrì fóònù àti ohunkóhun tó bá wú, ọmọ náà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n. Ohun yòówù tó bá ń lo iná tí ẹ bá fẹ́ gbé fún un, kí bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ fi ẹ̀mú gé wáyà rẹ̀ láti ìdí, kí ó sì sọ orí rẹ̀ nù, kí ó má baà sí ohun tí ọmọ náà yóò kì bọ ara ògiri nígbà tí ẹ kò bá sí nílé.